Bí a ṣe ń dín gbígbọ̀n rọ́tọ̀ tọ́báìnì kù: kí a wọ̀n ọ́n kí a tó fi irin ìdọ́gba sí i

Ẹni tí ó bá ti ta òkòtó rí ní ìgbà èwe ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín. Òkòtó tí ó dọ́gba a máa dúró gangan lójú kan bí ẹni pé kò yí rárá, ṣùgbọ́n èyí tí etí rẹ̀ bá ti fọ́ ní apá kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dojú bolẹ̀. Rọ́tọ̀ tọ́báìnì (ẹ̀rọ tí gáàsì tàbí oru omi ń yí), ìyẹn ọ̀pá irin gbọọrọ tí a to abẹ́ yí ká, òkòtó ńlá ni òun náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé bẹ́árìn, tí àwọn mẹkáníìkì wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń pè ní roulement tàbí coussinet, kò jẹ́ kí ó ṣubú. Agbára tí òkòtó ì bá fi ṣubú ni rọ́tọ̀ yóò máa fi gbá bẹ́árìn. Bẹ́árìn yóò gbé e fún ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yóò gbé e fún ìpìlẹ̀, títí tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi sán.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye sí i. Iná mànàmáná ilẹ̀ Benin ń lọ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà tọ́báìnì ńlá tí ó bá ń yí jẹnẹrétọ̀ olópòó méjì (èyí tí òòfà inú rẹ̀ ní òpó méjì) ní tààrà gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìyára yìí, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi gíráàmù 100 péré wúwo ju èkejì lọ, ní ibi tí ó jìnnà tó mítà kan sí àárín ọ̀pá, yóò máa fa ọ̀pá náà pẹ̀lú agbára tí ó tó ìwúwo tọ́ọ̀nù kan, ìfà náà yóò sì máa yí kiri pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, ìfà yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ níṣẹ́ a máa béèrè ohun tí wọn yóò fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe ní agbègbè tí tọ́báìnì gáàsì kò ti wọ́pọ̀. Ìdáhùn mi ni pé òfin kan náà ni ó ń darí tọ́báìnì gáàsì, fáànù ńlá ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì bí èyí tí ó wà ní Onígbòló lójú ọ̀nà Kétu, tọ́báìnì tí oru omi gbígbóná ń yí ní àwọn ilé-iṣẹ́ ṣúgà tí ń sun pàǹtí ìrèké, àti tọ́bò kékeré inú ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gba Ṣábẹ kọjá lọ sí Parakou. Fáànù ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí pé bí ènìyàn bá ṣe àṣìṣe lórí rẹ̀, owó kékeré ni yóò san.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ti iná pa, ẹ sì mú kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́

Ẹ já iná ẹ̀rọ náà níbi tí ó ti ń wọlé, ẹ fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yóò wọ inú ẹ̀rọ, kì í ṣe nínú àpò ọ̀gá tí ó jókòó sí ọ́fíìsì. Nígbà tí ẹ bá sì ń dán ẹ̀rọ wò pẹ̀lú irin tí ẹ so mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ní ọ̀gangan ibi tí abẹ́ ń yí sí. Irin tí ó bá já níbẹ̀ a máa la páànù kọjá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sì bi í léèrè ìgbà mélòó tí ó ń gbọ̀n

Mo mọ àwọn àgbà oníṣẹ́ tí wọ́n ń fi ìdí tọ́náfíìsì lé etí, tí wọ́n sì ń fi imú rẹ̀ lé bẹ́árìn, tí wọn yóò sì sọ ohun tí ó ń ṣe é. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí etí wọn kì í sábà parọ́. Ṣùgbọ́n etí kò lè sọ fún yín bóyá gbígbọ̀n òní ju ti oṣù tó kọjá lọ, ọwọ́ tí a sì gbé lé irin gbígbóná a máa tètè kú. Ẹ lo ẹ̀rọ tí ń wọn gbígbọ̀n. Ẹ gbé e lé orí ilé bẹ́árìn gan-an, kì í ṣe lórí páànù tí ó bò ó, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta: ní ìdúró, ní ìbú, àti ní ìlà ọ̀pá fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibẹ̀, kí ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n lọ́la lè gbé e lé ojú kan náà.

Iye tí ẹ ó rí yóò jẹ́ mìlímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí a ń kọ ní mm/s. Ìlànà àgbáyé tí ó wà fún un báyìí ni ISO 20816, tí ó ń gba ipò ISO 10816 ti àtijọ́. Fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ju 300 kW (kílówáàtì) lọ tí ó sì jókòó lórí ìpìlẹ̀ tí kò lọ́, ohun tí kò bá kọjá 2.3 mm/s ni a ń retí lára ẹ̀rọ tuntun. Títí dé 4.5 a lè lò ó láìfòyà, láti 4.5 dé 7.1 a kàn ń fara dà á títí a ó fi rí àyè tún un ṣe ni. Bí ó bá kọjá 7.1, ó ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Àyè tí a fún tọ́báìnì gáàsì ńlá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: 4.5, 9.3 àti 14.7 ni ààlà tirẹ̀, bí a bá wọ̀n ọ́n lórí ilé bẹ́árìn. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí ó ti wà ní 2 fún ọdún mẹ́ta tí ó wá di 4 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ń sọ ohun tí ó le ju ti ẹ̀rọ tí ó ti wà ní 5 láti ọjọ́ tí a ti gbé e kalẹ̀.

Iye nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó ń gbọ̀n nínú ìyípo kan, nítorí ibẹ̀ ni àrùn ti ń jẹ́ orúkọ. Bí ó bá ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, àìdọ́gba ìwúwo ni a kọ́kọ́ ń fura sí, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí ó tẹ̀ àti ìpìlẹ̀ tí ó rọ̀ náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà méjì ní ìyípo kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá méjì tí a so pọ̀ má wà lórí ìlà kan. Lára ọ̀pá ńlá, ó tún lè jẹ́ pé ọ̀pá ti sán, èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀la dá. Bí ó bá kéré díẹ̀ sí ìdajì, láàárín ìgbà 0.40 sí 0.48 ní ìyípo kan, ọ́ìlì inú bẹ́árìn ni ó ń ti ọ̀pá kiri. Bí gbígbọ̀n bá pọ̀ ní ìlà ọ̀pá, ẹ wo ibi ìsopọ̀. Bí ẹ bá já iná mọ́tò tí gbígbọ̀n náà sì kú lójú ẹsẹ̀ kí ìyára tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ẹ pe oníná, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin mọ́. Ìdánwò kékeré yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní fráǹkì kan, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn kì í ṣe é.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi fi irin ìdọ́gba, ìyẹn irin kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó fúyẹ́, sí ìkẹyìn. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ṣiṣẹ́ fún nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n ní fáànù kan tí ń gbọ̀n ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìyípo kan, bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo so irin mọ́ ọn, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Inú ọ̀gá dùn, inú mi dùn. Ní ọjọ́ kejì ó ti padà sí ohun tí ó ń ṣe. Ìgbà mẹ́ta ni mo fi irin kún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, títí tí ara fáànù náà fi dà bí ẹni tí ó so ońdè. Ọmọ iṣẹ́ kan ni ó gbé owó irin 100 fráǹkì lé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí a sì rí i pé ti ẹsẹ̀ mẹ́ta jókòó, ti ẹsẹ̀ kẹrin ń fò. Bóòtì ẹsẹ̀ náà le dáadáa, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ irin abẹ́ rẹ̀ tán. Gbogbo irin tí mo ti so ni a tú dànù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fọ̀ ọ́

Ìdọ̀tí kì í lẹ̀ mọ́ abẹ́ ní ọgbọọgba, bí ó bá sì ń ṣí, kì í ṣí ní ọgbọọgba. Ní Kétu àti Ṣábẹ, eruku ọyẹ́ ni olórí ọ̀tá láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì; ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni, tí ọ̀rinrin rẹ̀ ń mú eruku di ẹrẹ̀ lára abẹ́, tí iyọ̀ tí atẹ́gùn òkun ń gbé wá sì ń mú irin dípẹtà. Nítorí náà ẹ yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò, ẹ pààrọ̀ èyí tí ó bá ti ya, kí ẹ sì fọ abẹ́. A máa ń jẹ́ kí tọ́báìnì gáàsì tutù kí a tó fọ̀ ọ́, a ó sì máa fi mọ́tò ìtanná yí i díẹ̀díẹ̀ bí ọṣẹ àti omi ṣe ń wọlé. Omi tí a ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi kànga. Abẹ́ fáànù, ẹ fi igi tàbí búrọ́ọ̀ṣì ha á títí dé ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti rí fáànù tí ó bọ́ láti 9 mm/s sí 3 nípa fífọ̀ nìkan. Ní àkókò yìí kan náà ni kí ẹ wo abẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá etí ọ̀kan ti ṣẹ́ tàbí òkúta ti bà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹsẹ̀ ẹ̀rọ

Ẹsẹ̀ tí kò jókòó dáadáa ni ó ń gba àkókò àwọn oníṣẹ́ jù lọ, nítorí pé bóòtì tí a ti fún mọ́lẹ̀ a máa tan ojú jẹ. Ẹ gbé aago ìwọ̀n tí a ń pè ní comparateur lé orí ẹsẹ̀ kan, ẹ tú bóòtì ẹsẹ̀ náà nìkan, kí àwọn yòókù wà ní fífún, kí ẹ sì wo bí ẹsẹ̀ náà yóò ṣe gbéra tó. Bí ó bá gbéra ju 0.05 mm lọ, ẹsẹ̀ náà kò jókòó. Ẹ fún bóòtì rẹ̀ padà kí ẹ tó lọ sí ẹsẹ̀ tí ó kàn, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn.

Irin pẹlẹbẹ tí a ń pè ní cale ni a fi ń dí àyè náà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ náà, kí ó má sì ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ kan, nítorí bí wọ́n bá pọ̀ wọn yóò máa rọ̀ bí ibùsùn. Mo mọ̀ pé agolo tòmátì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gé. Agolo kì í tẹ́jú, ìpẹtà a sì máa jẹ ẹ́ láàárín òjò kan sí èkejì. Bí ẹ kò bá rí ohun mìíràn ní òru tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ lò ó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lò ó, kí ẹ sì yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ tún fi òòlù kékeré gbá kọnkéré ìpìlẹ̀ yí ká: ohùn tí ó ró bí ìkòkò òfìfo ń sọ pé símẹ́ńtì ti ṣí kúrò lábẹ́ irin.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ọ̀pá méjì wà lórí ìlà kan

Tọ́báìnì àti ẹ̀rọ tí ó ń yí, ọ̀pá méjì tí a so pọ̀ ni wọ́n. Bí wọn kò bá wà lórí ìlà kan, ìsopọ̀ wọn yóò máa tẹ̀ síwá-sẹ́yìn ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Comparateur méjì tàbí iná lésà ni a fi ń tò wọ́n, ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni yóò sì sọ ààlà tí ó gbà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ronú lé lórí níhìn-ín ni ooru. Irin a máa gùn sí i bí ó bá gbóná: nǹkan bí ìpín 12 nínú mílíọ̀nù kan fún dígíríì kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ irin tí ó ga tó ìdajì mítà, tí ooru rẹ̀ bá fi dígíríì 50 lọ sókè, yóò ga sí i ní 0.3 mm. Ẹ̀rọ tí ẹ tò dọ́gba dọ́gba ní àárọ̀ nígbà tí ó tutù lè máà wà lórí ìlà mọ́ ní ọ̀sán tí ó bá gbóná. Nítorí náà, a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé apá tí kì í gbóná sókè díẹ̀ ní òtútù, kí àwọn méjèèjì lè pàdé nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Bí gbígbọ̀n bá kéré nígbà ìtanná tí ó sì ń pọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì kí ó tó dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bẹ́árìn àti ọ́ìlì

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àyè tí ó wà láàárín ọ̀pá àti bẹ́árìn olójú dídán (èyí tí kò ní bọ́ọ̀lù) sábà máa ń jẹ́ ìpín kan sí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìbú ọ̀pá, ìyẹn 0.10 sí 0.20 mm fún ọ̀pá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100 mm. Bí ó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tọ́báìnì ni kí ẹ lò, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ VG 32 tàbí VG 46 (nọ́ńbà tí ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), kì í ṣe ọ́ìlì ọkọ̀ tí ó ṣẹ́ kù ní garáàjì. Bí ọ́ìlì bá ń ti ọ̀pá kiri, ẹ wo ooru rẹ̀, nítorí ọ́ìlì tí ó tutù jù a máa ki jù. Ẹ sì wo bóyá bẹ́árìn kan ti gbéra kúrò lábẹ́ ẹrù rẹ̀ nítorí ìlà tí kò tọ́. Bẹ́árìn tí a ṣe ní ègé mélòó kan tí ń fì lọ fì bọ̀ ni ó ń wo àìsàn yìí pátápátá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ìyẹn. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí bẹ́árìn oníbọ́ọ̀lù kì í ti í gba gbígbọ̀n mọ́ra, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọ́ìlì ni wọ́n ń fi sáàárín bẹ́árìn àti ilé rẹ̀, kí ó lè máa gba ìgbá náà bí tìmùtìmù.

Ìgbésẹ̀ keje: ooru rọ́tọ̀ àti ìyára eléwu

Gbogbo rọ́tọ̀ ni ó ní ìyára kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ara rẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ̀n. Bí ẹ bá ti ọmọdé lórí jangirọ́fà ní àkókò tí ó bá ìrìn rẹ̀ mu, díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi máa ga lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́tọ̀ ń ṣe ní ìyára eléwu yìí. Ní 1869, Rankine, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Scotland, kọ ọ́ pé ọ̀pá kò lè kọjá ìyára náà láìbàjẹ́. Gustaf de Laval ará Sweden kò gbà bẹ́ẹ̀: láàárín 1880 sí 1890 ni ó ṣe tọ́báìnì tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì sá a kọjá ibẹ̀, ọ̀pá náà sì dákẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Ní 1919 ni Jeffcott ṣàlàyé ìdí rẹ̀ yékéyéké: lókè ìyára náà, rọ́tọ̀ a máa yí lórí àárín ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó kàn yín nínú ìtàn yìí ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró sí ìyára eléwu. Ẹ mọ iye rẹ̀ láti inú ìwé ẹ̀rọ, kí ẹ sì sá a kọjá láìdúró, nígbà tí ẹ bá ń gòkè àti nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ooru tún ni èkejì. Bí ẹ bá pa tọ́báìnì gbígbóná tí ẹ fi í sílẹ̀ láìyí, ooru yóò gun òkè, ẹ̀yìn rọ́tọ̀ yóò gbóná ju ikùn rẹ̀ lọ, rọ́tọ̀ náà yóò sì tẹ̀ bí ọrun. Ìdí nìyí tí a fi ń fi mọ́tò kékeré yí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí a bá pa á, bí ẹni tí ń yan ẹran tí kò fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan jóná. Bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́ yìí tí rọ́tọ̀ sì dúró, ẹ má ṣe tan tọ́báìnì náà lójú ẹsẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ẹ padà sí yíyí díẹ̀díẹ̀ títí tí ọ̀pá yóò fi tọ́, kí comparateur tàbí ẹ̀rọ ìwọ̀n fi hàn yín pé ó tọ́, kí ẹ tó gbé ìyára sókè. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò jẹ́ kí rọ́tọ̀ fi ara gbo èdídí rẹ̀, ìyẹn òrùka tí kì í jẹ́ kí gáàsì jò. Ibi tí ó gbo yóò gbóná, yóò tẹ̀ sí i, yóò sì gbo sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: irin ìdọ́gba

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí gbígbọ̀n ṣì kù lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kan, tí iye rẹ̀ kò sì yí padà láti wákàtí kan sí èkejì, ìwúwo ni kò dọ́gba. Iṣẹ́ tí àwọn tí ń tún táyà ṣe ń kọ sí pátákó ní Ouando pé équilibrage náà ni. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tí ń fi igun hàn, ẹ̀rọ ìwọ̀n kan, kọ́ńpáàsì àti ìwé tó. Fáànù tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ wúwo tó kílò 40, ó ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ibi tí a ó ti so irin mọ́ ọn sì jìnnà tó 250 mm sí àárín.

Irin ìdánwò ni ẹ ó kọ́kọ́ yàn. Kí ìfà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo rọ́tọ̀. Fún fáànù yìí, gíráàmù 6 ni. Bí ó bá kéré jù, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ lè ba bẹ́árìn jẹ́. Ẹ fi ẹfun pín etí fáànù sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba, kí ẹ kọ 0, 120 àti 240 sí i. Ẹ tan ẹ̀rọ láìfi irin sí i, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀: ká sọ pé 7.2 mm/s ni. Ẹ so gíráàmù 6 mọ́ 0, ẹ tan án: 8.0. Ẹ gbé e lọ sí 120: 4.5. Ẹ gbé e lọ sí 240: 10.5. Ìyára gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ẹ wá mú ìwé. Kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 1 mm/s. Ẹ fa òbíríkítí kan tí ó fi 7.2 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí àárín rẹ̀, kí ẹ sàmì sí 0, 120 àti 240 lára rẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì lé àmì 0, kí ẹ fa ọrun tí ó jẹ́ 8.0, lé àmì 120, 4.5, lé àmì 240, 10.5. Àwọn ọrun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò pàdé níbì kan. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ibi ìpàdé wọn jìnnà tó 3.6 sẹ̀ǹtímítà sí àárín, ní ọ̀kánkán dígíríì 90, láàárín 0 àti 120. Ẹ fi 3.6 pín 7.2: méjì ni. Nítorí náà irin tí ẹ nílò jẹ́ ìlọ́po méjì irin ìdánwò, gíráàmù 12, ibi tí yóò sì wà ni dígíríì 90. Ẹ yọ irin ìdánwò kúrò kí ẹ tó so ó. Mo ti rí ẹni tí ó gbàgbé.

Àwọn ọrun náà kì í sábà pàdé lójú kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ṣe onígun mẹ́ta kékeré, ẹ mú àárín rẹ̀. Bí onígun mẹ́ta náà bá fẹ̀, ohun kan ń yí padà láàárín ìtanná kan sí èkejì, irin ìdọ́gba kò sì lè wo ìyẹn; ẹ padà sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Bí kò bá sí abẹ́ ní dígíríì 90, ṣùgbọ́n tí ó wà ní 60 àti 120, ẹ pín irin náà sí méjì, ṣùgbọ́n gíráàmù 7 ni kí ẹ fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe 6, nítorí pé àwọn méjèèjì kò fa ọ̀nà kan náà gan-an.

Bí ẹ bá fẹ́ jó irin náà mọ́ fáànù, ẹ di wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ ìjórin mọ́ fáànù fúnra rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ń jó. Bí ẹ bá dì í mọ́ férémù, iná yóò gba inú bẹ́árìn kọjá, ẹ ó sì ti ba bẹ́árìn tí ẹ fẹ́ dáàbò bò jẹ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ jó ohunkóhun mọ́ abẹ́ tọ́báìnì láé: ihò tàbí kòtò ìdọ́gba wà lára rọ́tọ̀ rẹ̀ tí a ń ti irin sí. Lára fáànù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, bóòtì kéékèèké tí ìwúwo wọn yàtọ̀ síra ni a ń dè yí kónù iwájú ká.

Ọ̀nà yìí wà fún rọ́tọ̀ tí ó rí bí àwo. Èyí tí ó gùn bí ìlù bàtá nílò irin ní ìpẹ̀kun méjèèjì, nítorí ìpẹ̀kun kan lè wúwo lókè nígbà tí èkejì wúwo nísàlẹ̀. Rọ́tọ̀ ńlá tí ń kọjá ìyára eléwu, inú yàrá ńlá tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni àwọn tí ó ṣe é ti ń dá a dọ́gba ní ìyára gidi.

Ìgbà wo ni ó tó? Ìlànà ISO 21940-11, tí ó rọ́pò ISO 1940-1, fi nọ́ńbà G sọ bí ìdọ́gba ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ péye tó: ó pe ti fáànù ní G 6.3, ó sì pe ti tọ́báìnì gáàsì àti ti oru omi ní G 2.5. Ẹ fi 9,549 lọ́po nọ́ńbà G, ẹ fi ìwúwo rọ́tọ̀ ní kílò lọ́po rẹ̀, kí ẹ fi ìyípo ìṣẹ́jú kan pín in. Ohun tí ẹ ó rí ni gíráàmù-mìlímítà tí a gbà kí ó ṣẹ́ kù. Fáànù wa lè gba nǹkan bí 1,600, ìyẹn gíráàmù 6.4 ní 250 mm. Rọ́tọ̀ tọ́báìnì tí ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 20 tí ń yí ní 3,000 lè gba nǹkan bí 159,000, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 318 péré ní 500 mm, nínú gbogbo tọ́ọ̀nù 20 náà. Ẹ má ṣe lé òdo. Ẹni tí ó ń lé òdo yóò fi ìtanná púpọ̀ jó mọ́tò.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ tan ẹ̀rọ náà fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, kí ó gbóná dé ibi tí ó ń gbóná dé, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní àwọn ojú àmì ọ̀dà ti àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọjọ́, ìyára, ooru ọ́ìlì, iye ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gíráàmù tí ẹ so àti igun rẹ̀, àti iye cale abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́bàá ẹ̀rọ. Ẹ fi í sínú ọ̀rá kí epo má bà á jẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún fi kíì wo bóòtì ẹsẹ̀ àti ti irin ìdọ́gba, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ tí àgádágodo sì ti wà lẹ́nu iná rẹ̀.